Wúrà Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí ẹ̀rọ ata Marufat ti dákẹ́, láti ìgbà náà ni ilé ti ń pariwo. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ohùn rẹ̀ ló máa ń bo gbogbo ohun tí tọkọtaya kò fẹ́ kí ara wọn gbọ́. Ní báyìí, bí Gàfárù bá wúkọ́ nínú yàrá, Marufat á gbọ́ ọ ní ẹ̀yìnkùlé. Bí Marufat bá pòṣé nídìí ààrò, Gàfárù á gbọ́ ọ níbi tó ti ń rán awọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òṣé náà sì ti ń pọ̀ sí i.

Ní àárọ̀ ọjọ́bọ̀ yìí, Marufat tètè wẹ̀. Ó wọ bùbá aláwọ̀ ewé tó máa ń wọ̀ lọ síbi tí a ti ń ná ọjà ńlá, ó we gèlè, ó sì so bàtà mọ́ ẹsẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa tún rán an níṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tòkunbọ̀ ni, ó wà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Fọlábí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Marufat ti lọ wò ó. Ó ti fi etí ara rẹ̀ gbọ́ bó ṣe ń dún, ó rinlẹ̀, kò ṣe pàtàpàtà bíi ti èyí tó kú sí iwájú ilé. Láti ọjọ́ náà, bó bá ń fọ abọ́, ohùn ẹ́ńjìnnì náà ló máa ń gbọ́ nínú omi.

Ṣùgbọ́n Fọlábí ti pè é lánàá. Ó ní, "Ìyá Raliat, mo ti bá yín pa á mọ́ títí ó fi sú mi. Obìnrin kan ń bọ̀ láti Ìrẹsà lọ́la. Bí mi ò bá rí owó yín kí aago mẹ́rin tó lù, ẹ má bínú sí mi."

Owó kì í ṣe wàhálà, lójú Marufat. Ọdún kan ààbọ̀ ló fi dá àjọ rẹ̀, nígbà tó sì kó o, inú àkáǹtì Gàfárù ló fi í sí, nítorí tirẹ̀ ní ìṣòro kan ní báǹkì tí wọ́n ní kó lọ kó bọ̀, tó lọ, tó bọ̀, tí kò tán.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bàbá Raliat, ẹ bá mi fi owó yẹn ránṣẹ́ sí Fọlábí, kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ kí n tó débẹ̀."

Gàfárù ń rán tìmùtìmù lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń wọ inú awọ, ó ń jáde, ó tún ń wọlé. Kò gbé ojú sókè.

"Nẹ́tíwọ̀kì ò dáa láàárọ̀ yìí."

"Ẹ ò tíì gbé fóònù."

"Mo mọ̀ pé kò dáa."

"Ṣé ẹ máa ń gbóòórùn rẹ̀ ni?"

Abẹ́rẹ́ tún wọ inú awọ, ó jáde. Ibi tí wọ́n wà nìyí tí Àbíkẹ́, aládùúgbò wọn, fi wọlé, tòun ti abọ́ ata lórí. Ó mọ̀ pé ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ibi ẹ̀rọ ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni òun àti gbogbo àwọn oníbàárà Marufat ń lọ báyìí, ṣùgbọ́n kò sí ọjọ́ tí Àbíkẹ́ kì í fi ata rẹ̀ gba iwájú ilé yìí kọjá kó tó débẹ̀.

"Ẹ kú àárọ̀ o. Mo ní kí n kí yín ni. Ìyá Raliat, òde nìyí láàárọ̀ kùtù?"

"Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Mo fẹ́ lọ gbé ẹ́ńjìnnì wá."

"A dúpẹ́. Ata tí wọ́n ń bá mi lọ̀ lọ́hùn-ún, bí ẹni jẹ iyanrìn ni." Àbíkẹ́ yí abọ́ rẹ̀ dáadáa lórí òṣùká. "Bàbá Raliat, ṣé páálí yín dé ọ̀dọ̀ yín? Ọlọ́kadà tó gbé e wá ló béèrè ilé yín lọ́wọ́ mi lánàá. Ó ní ti Àlájì Gàfárù ni. Mo ní a ò ní Àlájì ní ojúlé yìí, Gàfárù oníṣẹ́ awọ la ní. Ó ní òun náà ni, pé ẹlẹ́ẹ̀keje nìyí tí òun ń gbé wá fún wọn."

"Ẹlẹ́ẹ̀keje kí ni?" Marufat béèrè.

"Èmi ni n ó mọ ohun tó wà nínú páálí ọkọ ọlọ́kọ? Ọmọ mi ló ní owó ni, pé wọ́n ń tà á lórí tẹlifíṣọ̀n. Mo ní ta ní í fi owó ra owó? Ó ní èmi ò lajú." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wo ojú ọkọ, ó wo ojú ìyàwó, ó rí ohun tó wá wò. "Ẹ jẹ́ n máa lọ, kí oòrùn má pa ata mi."

Nígbà tó jáde, abẹ́rẹ́ Gàfárù ti dúró sínú awọ, ó wọlé, kò jáde.

"Bàbá Raliat."

"Jókòó ná."

"Mo ti wọṣọ òde. Mi ò jókòó."

Gàfárù fi àtẹ́lẹwọ́ nu orúnkún rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ó sì ń sọ ọ́ kíákíá bí ẹni tó ti há a sórí. Ó ní ìkànnì kan wà lórí tẹlifíṣọ̀n, ọjà nìkan ni wọ́n máa ń tà níbẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ó ní owó onírin ìrántí ni wọ́n ń tà, wúrà ni wọ́n fi bò ó, orí àwọn ẹranko igbó ló wà lára rẹ̀, erin, ẹkùn, kìnnìún, wọn ò sì ní ṣe irú rẹ̀ mọ́ láyé. Ó ní obìnrin tó ń tà á fi àrán dúdú tẹ́ ọwọ́, ó sì ń yí owó náà lábẹ́ iná, díẹ̀díẹ̀, tí ó ń kọ mànà.

"Wọ́n á kọ iye tó kù síbẹ̀. Ó ku ọgọ́rùn-ún. Kí n tó ṣẹ́jú, ó ti ku ogójì. Ó ku méje. Marufat, ojú mi ló ṣe. Bí mi ò bá rà á, ẹlòmíràn á rà á. Wọ́n ní láàárín ọdún márùn-ún, yóò di ìlọ́po mẹ́wàá. Ṣé ìwọ̀n ẹ́ńjìnnì kan ló yẹ kí a máa wò? Ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ni mo ń rò fún ọ. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké."

"Àáké ta lẹ fi ń là á?"

Gàfárù fa abẹ́rẹ́ yọ kúrò nínú awọ.

"Èló ni?"

"Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Ọ̀kọ̀ọ̀kan."

Ẹni tó ti ń fi ọpọ́n wọn ata fún ènìyàn láti ọdún mọ́kànlá kò nílò bírò láti mọ ohun tí méje ọ̀nà bẹ́ẹ̀ jẹ́. Nínú owó ẹ́ńjìnnì, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ló kù.

Marufat kò pariwo. Ó yà á lẹ́nu pé òun kò pariwo. Ohun tó kàn ń rí ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, awọ pupa, awọ dúdú, ìgò omi kan tó ń tàn nínú oòrùn, bí ẹni pé ó wà lẹ́yìn gíláàsì tó ń wo ilé onílé. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran.

"Ẹ lọ gbé e wá," ó ní. "Ohun tó bá níye lórí, ó ṣeé tà. Alágbẹ̀dẹ wúrà wà ní Tàkìé, ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà. A ó gbé e fún un, a ó gbowó, a ó dé ọ̀dọ̀ Fọlábí kí aago mẹ́rin tó lù."

"A kì í tà á báyìí. Méjìlá ni. Bí kò bá pé méjìlá, kò níye lórí bó ṣe yẹ. Ó ku márùn-ún."

Marufat wò ó títí. "Ìyẹn ni pé ohun tí ẹ rà kì í ṣe nǹkan kan, àfi bí ẹ bá tún ra òmíràn."

Gàfárù dìde, ó wọ yàrá, ó tẹríba wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kò rí nǹkan kan níbẹ̀. Ó gbá àpò jọ, ó fa bàtà, ó yọ orí jáde, ojú rẹ̀ ti yí padà. Kó tó la ẹnu ni ohùn ìyá rẹ̀ wá láti ẹ̀yìnkùlé.

"Àyìndé, bí ohun ìṣúra rẹ lo bá ń wá, ọ̀dọ̀ mi ló wà."

Ìyá Gàfárù ni Ṣàngódùnní. Ọmọ ń kírun ní iwájú ilé, ìyá ń bọ òrìṣà ní ẹ̀yìn ilé, ọ̀rọ̀ náà kò sì tíì ba ọbẹ̀ ẹnikẹ́ni jẹ́ rí. Ọ̀la ni ọjọ́ ọ̀sẹ̀ Ṣàngó, ó sì ti di ìṣe ìyá láti máa bó àwọn ẹ̀gbà idẹ rẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú. Ó jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú. Ọsàn wẹ́wẹ́ tó ti gé wà ní ọ̀tún, eérú tó ti jọ̀ wà ní òsì. Nínú abọ́ tánganran, àwọn ẹ̀gbà náà ń dán bí oòrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. Lórí àkísà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, owó onírin méje wà lórí ìlà. Mẹ́ta ń kọ mànà. Mẹ́rin ti funfun ráúráú, bí ojú ẹni tí ibà ti mú fún ọ̀sẹ̀ kan. Orí erin ti di òkìtì lásán.

"Mo ń gbálẹ̀ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni mo rí wọn," ni ìyá wí. "Ipa ọwọ́ kún ara wọn. O sì ti sọ fún mi pé ohun iyì ni. Mo ní ohun iyì kì í dọ̀tí nílé mi."

Gàfárù kúnlẹ̀ ti àkísà náà. "Màámi, kí lẹ ṣe yìí? Wọ́n kọ ọ́ sínú sàtífíkéètì rẹ̀ pé a ò gbọ́dọ̀ nù ún. Àlàáfíà rẹ̀ ló wà nínú kí á má fọwọ́ kàn án. Ẹ ti ba owó ńlá jẹ́."

Ìyá gbé ẹ̀gbà kan sókè, ó nà án sínú ìmọ́lẹ̀. "Ìyá ìyá mi ló ni èyí. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú ni òun náà fi ń bó o. Idẹ ni o, Àyìndé. Idẹ lásán."

 Ó ti ọwọ́ bọ abọ́, ó mú ẹ̀gbà mìíràn, ó sì ń bó o lọ.

Ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ ní gáréèjì Owódé kò tètè kún. Gàfárù gbé àpótí kékeré tó kó owó onírin náà sí lé itan, ó fi ọwọ́ bò ó. Ó ra bọ́ọ̀lì, ó ya ìdajì fún Marufat. Marufat gbà á nítorí pé ojú ènìyàn wà níbẹ̀, ó sì mú un lọ́wọ́ títí ó fi tutù. Ó ń wo igi kajú àti máńgòrò tó ń sá sẹ́yìn lójú ọ̀nà. Ìgbà kan wà tó máa ń rò pé bí òun bá lówó, òun á kàn máa wọ ọkọ̀ lọ wọ ọkọ̀ bọ̀, kí òun lè máa wo igi. Lónìí, igi ni àwọn igi náà.

"Mẹ́ta ṣì pé," Gàfárù ń wí. "Mẹ́ta tí Màámi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn la ó kọ́kọ́ fi hàn án. Má jẹ̀ẹ́ kí ó rí mẹ́rin yẹn lákọ̀ọ́kọ́. Ṣé o gbọ́?"

Marufat gbọ́. Ó yí ojú sí igi.

Bàbá Ògúnlànà, alágbẹ̀dẹ wúrà ní Tàkìé, ti dàgbà tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé awò ojú méjì ló máa ń lò, ọ̀kan lójú, ọ̀kan níwájú orí. Marufat kúnlẹ̀ kí i, Gàfárù dọ̀bálẹ̀ díẹ̀. Baba gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó, ó béèrè àlàáfíà ilé. Gàfárù ṣí àpótí náà, ó fi ọwọ́ bo apá kan, ó yọ mẹ́ta tó ń dán jáde.

Baba mú ọ̀kan, ó jù ú sókè díẹ̀, ó gbá a mú. Ó mú òkúta dúdú kan jáde, ó fi etí owó náà ha á. Ìlà kan hàn lórí òkúta. Ó fi igi tín-ínrín kán omi tí wọ́n fi ń dán wúrà wò láti inú ìgò kékeré sórí ìlà náà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tẹjú mọ́ ọn. Ìlà náà hó díẹ̀, ó sì parẹ́.

Ó ṣe èkejì bẹ́ẹ̀. Ó ṣe ẹ̀kẹta. Ó kó wọn padà sọ́wọ́ Gàfárù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń gbé ọmọ tó ń sùn.

"Ọmọ mi, irin yìí àti kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn, ọmọ ìyá ni wọ́n. Wúrà tí wọ́n fi kùn ún, bí mo bá ha ti gbogbo rẹ̀ jọ, kò ní kún èékánná eèrà."

"Bàbá, kì í ṣe wúrà rẹ̀ nìkan," ni Gàfárù wí. "Pé kò pọ̀ láyé ni. Àwọn èèyàn wà tó máa ń kó irú rẹ̀ jọ."

"Wọ́n wà. Mo mọ ọ̀kan níhìn-ín, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Sílè, tọ́rọ́, kọ́bọ̀ oníhò, ó ní wọn kún inú agolo. Ó fẹ́ràn wọn bí ẹlòmíràn ṣe ń fẹ́ràn ẹyẹlé, kò sì retí kí wọ́n bọ́ òun. Ṣùgbọ́n owó tí aráyé ná ni ìyẹn. Ìyà ti jẹ ẹ́, ayọ̀ ti ṣe é, ó ti sùn nídìí ìró. Èyí tìrẹ, ta ló fi í ra iyọ̀ rí?"

Gàfárù ń yí owó náà lọ́wọ́.

"Ẹni tó tà á fún ọ ńkọ́? Pè é. Ní kó fún ọ ní ìdajì owó rẹ."

Bí Gàfárù ti pè é, ó fi ohùn fóònù síta kí baba lè gbọ́, bóyá ó ṣì rò pé ọ̀rọ̀ náà yóò gbe òun. Ohùn ọmọbìnrin kan dáhùn, ohùn náà dùn bí omi oyin.

"Ẹ kú ọ̀sán, sà. Mo rí orúkọ yín níbí, ẹ ti wà nínú ẹbí wa. Ṣé ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ lẹ fẹ́?"

"Rárá. Mo fẹ́ tà wọ́n."

Ẹ̀rín kúrò nínú ohùn náà. "Fún ta, sà?"

"Fún yín."

"A kì í rà, sà. À ń tà ni."

"Ẹ̀yin lẹ ní yóò di ìlọ́po mẹ́wàá."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ̀yin lẹ máa wá ẹni tó máa rà á nígbà náà. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ yìí, ó ku mẹ́sàn-án péré, tí ẹ bá fi owó ránṣẹ́ báyìí…"

Gàfárù pa fóònù. Bàbá Ògúnlànà bọ́ awò ojú kan, ó ń nù ún, bẹ́ẹ̀ ni kò dọ̀tí. Ọ̀kadà mẹ́rin kọjá lójú títì.

"Bí kì í bá ṣe pé Màámi fi eérú…" Gàfárù bẹ̀rẹ̀.

"Mẹ́ta tí baba fi ha òkúta, ṣé Màámi fọwọ́ kàn wọ́n?" Marufat dìde. Ó tún kúnlẹ̀ fún baba. "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ bá wa wo aago."

"Aago mẹ́ta kọjá ogún ìṣẹ́jú."

Ẹsẹ̀ ló fi rìn lọ sí ọgbà Fọlábí. Kò mọ ohun tó fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó kàn mọ̀ pé òun ti wọṣọ wá nítorí ẹ́ńjìnnì, òun á sì fi ojú kàn án. Gàfárù ń tẹ̀ lé e, àpótí ń ró ṣaworo lábíyá rẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn náà kó tó wọlé. Wọ́n ti tan án. Obìnrin kan tó ga, tó so ìró mọ́ àyà, dúró ti ẹ́ńjìnnì náà, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Èéfín dúdú ń rú.

"Aago mẹ́rin ò tíì lù," Marufat sọ fún Fọlábí.

Fọlábí yí ojú sílẹ̀. "Ṣé owó wà lọ́wọ́ yín, Ìyá Raliat?"

Marufat wo ẹ́ńjìnnì náà. Fọlábí dúró díẹ̀, bí ẹni ń bọ̀wọ̀ fún òkú, lẹ́yìn náà ó yí padà sí oníbàárà rẹ̀.

"Kí ló dé tó ń rú èéfín bẹ́ẹ̀?" ni obìnrin náà ń pariwo bi í. "Mi ò ra èyí tó ń ṣàìsàn o. Ẹ̀gẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe gàrí ti wà nílẹ̀, ó fẹ́ máa rà."

"Kì í ṣe àìsàn, Màmá," Marufat wí. Kò mọ ìgbà tí òun dé ibẹ̀. "Epo ló ń mu jù." Ó ká ọwọ́ bùbá sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó mú sípánà nílẹ̀, ó yí nǹkan kan díẹ̀, ó fi etí sí i, ó tún yí i. Èéfín náà fúyẹ́, ó di aláwọ̀ eérú, ó tán. Ohùn ẹ́ńjìnnì rinlẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń gbọ́ ọ nínú omi abọ́. Epo ti ta sí àyà bùbá rẹ̀.

Obìnrin náà tú ọwọ́ kúrò létí. "Ògúnfúnkẹ́ ni mí, láti Ìrẹsà. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ebi ni. Ọdún mọ́kànlá ló fi kọ́ mi."

Ògúnfúnkẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. "Ọmọkùnrin tó ń bá wa lo ẹ̀rọ ti sá lọ sí Ìbàdàn. Mo ra ẹ́ńjìnnì, mi ò ní ẹni tó máa lò ó. Bá mi ká lọ. Ibi oorun wà, oúnjẹ wà, n ó máa san owó iṣẹ́ rẹ ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, títí ẹ̀gẹ́ wa á fi tán. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ."

Gàfárù tó dúró lẹ́nu géètì sún mọ́ wọn. "Màmá, ẹ má bínú, kò ṣeé ṣe. Ìyàwó ilé ni." Ó fa Marufat sẹ́yìn díẹ̀. "Ta ni yóò máa dáná? Raliat ńkọ́?"

"Raliat ní bàbá. Ó ní ìyá àgbà."

"Kí ni n ó sọ fún Màámi?"

"Ohun tí Bàbá Ògúnlànà sọ fún yín."

"Àwọn ará àdúgbò ńkọ́?"

"Àbíkẹ́ á bá yín sọ fún wọn."

 Gàfárù wo àpótí abẹ́ abíyá rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé e fún un, ó rí i pé kò bójú mu. "Marufat, mo ṣe é nítorí yín ni," ó wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ òótọ́. Ohun tó wá mú Marufat bínú jù nìyẹn ní gbogbo ọjọ́ náà. Ó yí padà sí Ògúnfúnkẹ́.

"Màmá, n ó bá yín lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi gan-an ni kí ẹ máa kó owó náà lé. Ẹ má fi sí àkáǹtì ẹnikẹ́ni."

"Èmi ò mọ àkáǹtì kankan," ni Ògúnfúnkẹ́ wí.

Wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì sínú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù, ènìyàn mẹ́rin ló gbé e. Ògúnfúnkẹ́ jókòó ti awakọ̀. Marufat gun ẹ̀yìn, ó jókòó sórí irin, ó há ẹ́ńjìnnì sáàárín ẹsẹ̀. Gàfárù dúró lẹ́bàá títì, ó gbé ọwọ́ sókè bí ẹni fẹ́ júwọ́, ó sì tún fi í gbá àpótí rẹ̀ mú. Marufat kò wo ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì náà ṣì gbóná láti ìgbà tí wọ́n tan án. Ti ẹlòmíràn ni. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé e, ó dì í mú ṣinṣin, nítorí ọ̀nà Ìrẹsà kò dára.